Dísítíríbútọ̀ Aláìní-Kọ́ńtáàtì fún Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá: Ohun Tí Mo Rí Nígbà Tí A Gbé E Sínú Bọ́gì ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ọjà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni dísítíríbútọ̀ aláìní-kọ́ńtáàtì tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì Volkswagen Ìjàpá, ìyẹn èyí tí ẹ̀rọ kékeré kan tó jókòó sínú rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí kọ́ńtáàtì àti kọ̀ndẹ́ńsà ń ṣe tẹ́lẹ̀. Dísítíríbútọ̀ ni ohun tó ń pín iná fún pọ́lọ́ọ̀gù kọ̀ọ̀kan, kọ́ńtáàtì sì ni irin kékeré inú rẹ̀ tó ń pàdé tó sì ń ṣí láti tan iná àti láti pa á. Inú ọkọ̀ bọ́gì tí a fi fáíbà ṣe ara rẹ̀ ni a gbé e sí, ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan lójú ọ̀nà Ìlọrin ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì ti ń lò ó láti ìgbà ọyẹ́ títí wọ inú òjò, nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Tákíè àti lójú ọ̀nà oko. Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí: ọjà náà tó rà, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àǹfààní tí wọ́n ń polówó rẹ̀ kò sí nínú páálí tó gbé e wá, ọwọ́ ẹni tó máa ṣe táímìn rẹ̀ ló wà, ìyẹn ẹni tó máa ṣètò ìgbà tí iná yóò dé nínú sílíńdà. Ẹni tó bá ná gbogbo owó rẹ̀ tán sórí dísítíríbútọ̀, tí kò ṣẹ́ nǹkan kù fún táímìn, lè má rí ìyàtọ̀ kankan, ó sì lè ti ibẹ̀ ba ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Irú ọkọ̀ yìí kò pọ̀ nílùú wa, nítorí náà ó yẹ kí n ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀. Ọkọ̀ àtòpọ̀ ni. Ẹni tó fẹ́ ẹ máa ra ara fáíbà tàbí kó ní kí wọ́n bá òun mọ ọ́n, yóò sì wá gbé e lé ṣáásì àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mìíràn. Bruce Meyers, ará Kalifóníà ní Amẹ́ríkà, ló ṣe èyí tó lókìkí jù lọ nínú wọn ní 1964, tó pè é ní Meyers Manx, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tó wò ó ṣe sì wá pọ̀ káàkiri ayé. Tiwa kì í ṣe ojúlówó Manx rárá. Ẹnì kan tó ń fi fáíbà ṣe táńkì omi ló bá wa mọ ara rẹ̀. Ìjàpá ní tirẹ̀ kò wọ́n wa, torí pé ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó ti bẹ̀rẹ̀ sí í to tirẹ̀ pọ̀ láti 1975, ẹni tó bá sì fara balẹ̀ wá a lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì àgbà ṣì lè rí èyí tí ìkarahun rẹ̀ ti dípẹtà ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ṣe é tún ṣe.

Kọ́ńtáàtì kò burú bí a bá ń tọ́jú rẹ̀. Àlàfo ẹnu rẹ̀ yẹ kó jẹ́ mìlímítà 0.4, èèyàn sì lè fi sikuru-dírafà àti abẹ ìwọn ṣe é lẹ́bàá ọ̀nà láìsí wàhálà. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń fara nu ọ̀pá tó ń yí láàárín dísítíríbútọ̀ máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Bó bá sì ti ń jẹ ni àlàfo náà ń dín kù, tí iná pọ́lọ́ọ̀gù sì ń pẹ́ dé ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ kò ní tètè mọ̀. Ohun tó máa rí ni pé ọkọ̀ kò fi taratara gun òkè mọ́ àti pé epo ń yára tán, láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kò sí ẹni tí kò ní bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí epo ń gbà lọ. Ẹ wá fi kọ̀ndẹ́ńsà ayé òde òní kún un, tó jẹ́ pé tuntun rẹ̀ kì í sábà ṣe é fọkàn tán tó ògbólógbòó tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ mìíràn.

Ọjà náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó jọ dísítíríbútọ̀ Bosch tí àwọn tó ń tún Ìjàpá ṣe mọ̀ sí 009, èyí tí kò ní páìpù fákúùmù (páìpù tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa atẹ́gùn yí ìgbà tí iná ń dé padà), tó jẹ́ pé òkúta kéékèèké méjì (irin wúwo tó ń ṣí síta bí ó bá ti ń yí) àti sípíríǹgì inú rẹ̀ nìkan ló ń mú kí iná tètè dé bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń sáré sí i. Wáyà méjì ló jáde lára rẹ̀, pupa àti dúdú: pupa lọ sí ibi tí wọ́n kọ 15 sí lára kọ́ìlì (ohun tó ń sọ iná bátìrì di iná ńlá tí pọ́lọ́ọ̀gù ń lò), dúdú sì lọ sí ibi tí wọ́n kọ 1 sí. Mo di ọ̀pá àárín rẹ̀ mú, mo mì ín sọ́tùn-ún sósì, kò sì mì lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó wú mi lórí, torí ibẹ̀ gan-an ni àwọn dísítíríbútọ̀ olówó pọ́ọ́kú ti máa ń tú ara wọn fó. Ibi tó kù sí ni pé ọ̀kan nínú irin méjì tó ń di ìdérí mú kò le, páláyà ni a fi tẹ̀ ẹ́ kó tó gbà, àti pé àmì tó yẹ kó wà létí rẹ̀ láti fi mọ ojúkò sílíńdà kìn-ín-ní kò hàn ju bí ìgbà tí èèyàn fi èékánná họ ọ́ lọ. Ìwé ìlànà inú páálí kò wúlò. Ó ya bí wáyà méjèèjì ṣe lọ, ó sì dákẹ́.

Ẹni tó tà á fún mi sọ lórí fóònù pé, "Ẹ ṣáà tì í bọ inú ihò rẹ̀, kò nílò táímìn, kọ̀ǹpútà ló wà nínú rẹ̀." Gbólóhùn yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń ronú àti ra irú rẹ̀ gbàgbé pátápátá. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju ẹ̀rọ tó ń pa iná kọ́ìlì tó sì ń tàn án lọ, iṣẹ́ tí kọ́ńtáàtì ń ṣe náà nìyẹn. Òun kọ́ ló ń pinnu ìgbà tí iná yóò dé bá písítìn. Bí a ṣe yí ara dísítíríbútọ̀ sí nínú ihò rẹ̀ àti bí òkúta méjèèjì inú rẹ̀ ṣe ń ṣí ló ń pinnu ìyẹn, bí ó sì ṣe rí láyé àwọn tó kọ́kọ́ wa Ìjàpá náà ló ṣe rí lónìí.

Kí a tó kan táímìn, ọ̀rọ̀ áàtì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì, wà tó jẹ́ ti ọkọ̀ àtòpọ̀ nìkan. Fáíbà kì í gbé iná. Nínú Ìjàpá onírin, wáyà kúkúrú kan láti orí nǹkan sí ara ọkọ̀ ti tó. Nínú bọ́gì, gbogbo ohun tó bá ń lo iná gbọ́dọ̀ ní wáyà tirẹ̀ tó padà sí ṣáásì tàbí sí bátìrì. Ẹ̀rọ inú dísítíríbútọ̀ yìí ń gba áàtì láti ara ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì sì dè mọ́ gíábọ́ọ̀sì, gíábọ́ọ̀sì jókòó lórí rọ́bà. Nítorí náà okùn irin fífẹ̀ tó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ ṣáásì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Rẹ̀wáyà tó bá wa ṣe é fi ẹsẹ̀ mítà kan lé orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, ó fi èkejì lé ara ẹ́ńjìnnì, ó sì ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Nọ́ńbà tó yẹ kó wà lábẹ́ ìdajì vóòtì fò kọjá vóòtì kan. Ó tú okùn náà, ó fi ìwé iyanrìn ha ọ̀dà tí a ti fi kun ṣáásì kúrò títí irin fi ń dán, ó dè é padà, nọ́ńbà náà sì wálẹ̀. Bí a bá ti gbé dísítíríbútọ̀ náà sí i láìṣe èyí, ọkọ̀ ì bá máa kú lójijì, òun ni a ò bá sì máa dá lẹ́bi.

Lórí kọ́ìlì, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ẹ fi mítà wọn ọ́n kí ẹ tó so wáyà kankan. Nǹkan bí óòmù 3 ló yẹ kó wà láàárín 15 àti 1. Kọ́ìlì tí tirẹ̀ bá kéré sí ìyẹn dáadáa yóò máa fa iná tó pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ inú dísítíríbútọ̀ lè gbé lọ, yóò sì jó o. Ẹ rántí pé wáyà ṣóòkì kábúrétọ̀ àti ti irin kékeré tó ń tì epo pa nígbà tí a bá pa ọkọ̀ náà ń mu iná lára 15 yìí, ẹ má gbàgbé láti dá wọn padà. Wáyà pọ́lọ́ọ̀gù tó ní rẹsísítọ̀ ni kí ẹ lò, torí ariwo iná tó ń ti ara wáyà lásán jáde lè da ẹ̀rọ náà lọ́kàn rú.

Gbígbé e sínú ihò rẹ̀ rọrùn. Ẹnu ìsàlẹ̀ ọ̀pá rẹ̀ kò sí láàárín gangan, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí náà ọ̀nà kan ṣoṣo ló lè gbà wọlé. A kọ́kọ́ yọ pọ́lọ́ọ̀gù sílíńdà kìn-ín-ní, ìyẹn èyí tó wà lápá ọ̀tún, tó sún mọ́ iwájú ọkọ̀ jù, a fi ìka dí ihò rẹ̀, a sì fọwọ́ yí púlì títí atẹ́gùn fi ń ti ìka náà. Nígbà tí àmì ara púlì bá wá dọ́gba pẹ̀lú ìlà tí ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì méjèèjì ti pàdé ara wọn, písítìn ti dé téńté nìyẹn, rótọ̀, ìyẹn apá tó ń yí lábẹ́ ìdérí dísítíríbútọ̀, sì gbọ́dọ̀ kọjú sí àmì etí rẹ̀. Láti ibẹ̀, wáyà pọ́lọ́ọ̀gù tẹ̀ lé ara wọn ní 1, 4, 3, 2, gẹ́gẹ́ bí aago ṣe ń yí.

Ibi tí táímìn ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Mẹkáníìkì tó ni ṣọ́ọ̀bù náà jẹ́ àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti kan Ìjàpá tí kò lóǹkà. Ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, ó ń yí dísítíríbútọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìró náà ń ga sí i, ó sì dúró síbi tó ti dùn jù. Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, etí ni mo fi ń ṣe táímìn Ìjàpá." Mo dá a lóhùn pé, "Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ ṣáà jẹ́ ká tan iná táímìn sí i wò." Kò bínú. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ gbé iná náà, tó máa ń ṣẹ́jú ní gbogbo ìgbà tí pọ́lọ́ọ̀gù sílíńdà kìn-ín-ní bá ṣáná, wá láti inú àpótí kan tí eruku ti bò.

Ìwọ̀n tí a fẹ́ ni dígírì 30 ṣáájú kí písítìn tó dé téńté, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré dé ìyípo 3,000 sí 3,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí òkúta inú dísítíríbútọ̀ sì ti ṣí tán. Púlì wa kò ní àmì 30, ọgbọ́n tí a sì dá kò gba owó: a fi téèpù télọ̀ wé etí púlì ká, a pín gígùn tí a rí sí ọ̀nà 12, torí dígírì 30 jẹ́ ìdá kan nínú 12 òbìrípo, a wá wọn ìdá kan náà láti ara àmì téńté lọ sí apá ọ̀tún bí èèyàn bá dúró lẹ́yìn ọkọ̀, a sì fi ọ̀dà funfun fa ìlà síbẹ̀. Apá ọ̀tún ni, kì í ṣe òsì, torí bí aago ṣe ń yí ni púlì ń yí, ìlà tó sì yẹ kó ṣáájú dé òkè gbọ́dọ̀ wà níwájú.

Nígbà tí a tan iná náà sí púlì tó ń yí, ìlà funfun dúró gbagidi bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tó yẹ kó dúró sí ló dúró sí. Bí a ti tẹ epo sí i, ó kọjá ìlà ara ẹ́ńjìnnì lọ sí apá òsì, ìwọ̀n tó ju fífẹ̀ ìka ọwọ́ kan lọ. Lára púlì Ìjàpá, dígírì kan kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan àtààbọ̀ lọ, ìyẹn ni pé iná ń yá ju bó ṣe yẹ lọ ní dígírì tó ju 10. Bàbá tẹ̀ síwájú, ó wò ó fínnífínní, ó ní, "Á à, ó ti fò kọjá."

Ohun tó fà á ni pé nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá dúró lójú kan láìru ẹrù, iná tó bá tètè dé ni ìró rẹ̀ ń dùn jù létí, òkúta inú dísítíríbútọ̀ sì ṣì máa fi dígírì tó ju 20 kún un bí ọkọ̀ bá ti ń sáré. Nínú ọkọ̀ olómi, ìyẹn èyí tí omi ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, èèyàn lè gbọ́ ìró wínrínwínrín bí iná bá yá jù, kó sì tètè wá nǹkan ṣe sí i. Nínú Ìjàpá, ariwo fáànù tó ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì bo ìró yẹn mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹni tó ń wà á kò ní gbọ́ nǹkan kan títí orí sílíńdà yóò fi gbóná sódì tí písítìn yóò sì fi lu. Sílíńdà kẹta ló tún ń jìyà jù nínú àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́, nítorí kúlà ọ́ìlì dúró sójú atẹ́gùn tó yẹ kó fẹ́ ẹ. Etí bàbá kò yọ ọ́ lẹ́nu rí bóyá nítorí pé kọ́ńtáàtì máa ń jẹ, tó sì ń fa iná sẹ́yìn fúnra rẹ̀ kó tó pẹ́ jù. Èyí tí kò ní kọ́ńtáàtì kì í jẹ, ibi tí a bá sì fi táímìn rẹ̀ sí ló máa wà. Àǹfààní rẹ̀ gan-an nìyí, ewu rẹ̀ náà sì nìyí.

A fi sípánà tú nọ́ọ̀tì tó di ọrùn dísítíríbútọ̀ mú díẹ̀, a yí i bí aago ṣe ń yí kí iná lè pẹ́ sí i, nítorí òdìkejì aago ló ń mú un yá. Ìyípo náà kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Ìlà funfun nìkan ló ń sọ. Nígbà tó dọ́gba lórí 30, a dè é, a tún tan iná sí i, torí dídè náà máa ń yí i díẹ̀. Ó dúró. Bí a sì ti fi ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, nǹkan bíi dígírì 8 ni ìlà náà padà sí, èyí tó fi hàn pé sípíríǹgì inú rẹ̀ kò kù díẹ̀ káàtó. Nínú àwọn àfarawé 009, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń rí bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí 30, kí ẹ jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ bọ́ síbi tó bá bọ́ sí.

Lójú ọ̀nà, ìyàtọ̀ tí mo kọ́kọ́ rí ni pé ó ń tètè ṣáná ní àárọ̀, kódà nígbà tí ọyẹ́ mú, àti pé bó ti wù kí n dúró pẹ́ tó nínú súnkẹrẹ Tákíè, kì í kú mọ́ bí mo bá fẹ́ gbéra. Lójú ọ̀nà Ìkòyí-Ilé, pẹ̀lú àpò kajú lẹ́yìn, ó ń gun òkè lórí gíá kẹta níbi tó ti máa ń ní kí n já a sí ìkejì. N kò ní sọ iye epo tó bá mi dín kù, torí pé a tún kábúrétọ̀ ṣe nígbà kan náà, kò sì sí ohun tí mo lè fi ya tọ̀tún tòsì wọn.

Ibi kan ṣì wà tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí mo bá tẹ epo lójijì láti orí sílòó, ọkọ̀ máa ń ṣiyèméjì díẹ̀ kó tó já. Àìsí fákúùmù ló fà á, ó sì jẹ́ àárùn tí 009 àti gbogbo àfarawé rẹ̀ ní, pàápàá pẹ̀lú kábúrétọ̀ Solex 34 PICT-3. Ẹ̀rọ aláìní-kọ́ńtáàtì kò wò ó sàn, ẹni tó bá sì sọ pé yóò wò ó sàn ń tajà ni. A fi kún epo tí pọ́ǹpù kábúrétọ̀ ń tú nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, ó dín kù, kò tán.

Àròyé mi kejì ni pé ẹ̀rọ náà kò ṣe é tún ṣe. Bó bá kú láàárín oko, kò sí rẹ̀wáyà tó lè jí i. Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní títàn láìṣáná, kódà láti fi gbọ́ rédíò, torí ó lè gbóná kó jó. Dísítíríbútọ̀ àtijọ́ mi, tí a ti fi kọ́ńtáàtì tuntun sí tí a sì ti wọn àlàfo rẹ̀ sílẹ̀, wà nínú àpótí irinṣẹ́ pẹ̀lú kọ̀ndẹ́ńsà rẹ̀, a sì ti fa ìlà sí ara ẹ́ńjìnnì níbi tó yẹ kó kọjú sí, kó lè gbé mi délé.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù náà, inú mi dùn sí iṣẹ́ wọn. Owó iṣẹ́ tí wọ́n gbà kò tó ìdámẹ́ta owó dísítíríbútọ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tiwọn gan-an ló sọ ọ́ di ọjà gidi. Wọn kò yára, ìyẹn sì lè bí ẹni tó bá ń kánjú nínú, ṣùgbọ́n wọn kò fi ohunkóhun pamọ́ fún mi. Ẹ rí i dájú pé ṣọ́ọ̀bù tí ẹ bá lọ ní iná táímìn kí ẹ tó gbé ọkọ̀ dé ibẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni kò ní in.

Ẹni tó jẹ́ pé ọjọ́ ọdún tàbí ọjọ́ ìgbéyàwó nìkan ló ń gbé Ìjàpá rẹ̀ jáde kò nílò ọjà yìí, kọ́ńtáàtì tuntun tó o. Ẹni tó bá ń wà á lójoojúmọ́ ni mo ní kó rà á. Bí èmi bá sì máa ra òmíràn, èyí tó ní páìpù fákúùmù ni mo máa rà, bó tilẹ̀ wọ́n jù ú lọ, nítorí ìṣiyèméjì yẹn nìkan.